Omi Ọjọ́ Ọ̀wẹ̀

Ẹni tí kò bá tíì rí bí wọ́n ṣe ń ta ọmọbìnrin láìsí pé ẹnikẹ́ni na owó síta, ì bá wá sí agboolé Eustache ní ẹsẹ̀ òkè Dassa ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn. Kò ní rí ọjà, kò sì ní gbọ́ ìnájà. Iṣu ni yóò rí tí ń hó lórí iná, àti odó tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé sẹ́bàá ògiri, àti ìyá kan tí ń bó ẹ̀gúsí tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Perpétue ni ìyá náà. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n ń múra dè. Benoît, ọmọ abúlé Lèma, ń bọ̀ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti wá kọ ebè sí oko Eustache, nítorí pé ó ń fẹ́ Odette, ọmọ Eustache. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú agboolé yìí nìyẹn: ẹni tí yóò fẹ́ ọmọ yóò kọ́kọ́ fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣiṣẹ́ fún bàbá ọmọ. Benoît wá ní ìdúnta, ó wá ní èṣí, ó sì tún ń bọ̀ lónìí. Ọ̀wẹ̀ kẹta ni òpin. Bí àwọn òṣìṣẹ́ bá jókòó sinmi lọ́sàn-án, ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ni yóò gbé igbá omi lọ sí oko, yóò kúnlẹ̀, yóò sì na igbá sí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lójú gbogbo ẹgbẹ́. Bí ọkùnrin náà bá ti gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó mu, ọ̀rọ̀ parí. Kò tún sí ẹni tí yóò bi ọmọ léèrè ohunkóhun mọ́.

Kí á sòótọ́, wọn kò bi í léèrè rí. Àjàṣẹ́ ni Odette wà, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, níbi tí ó ti ń kọ́ matematíìkì, nígbà tí bàbá rẹ̀ gba ọ̀wẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí òun fi mọ̀, wọ́n ti jẹ iṣu inú ebè náà tán.

Ọjọ́ ọ̀wẹ̀ yìí kan náà ni ọjọ́ ọkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ tí ń ti òkè ọ̀hún bọ̀ yóò dúró ní Dassa lẹ́yìn ọ̀sán, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Kútọnu, níbi tí èèyàn ti ń wọ mọ́tò lọ sí Àjàṣẹ́. Ní ọjọ́ Ajé, Odette ní ìdánwò ní Àjàṣẹ́. Ó ti yege nínú sitatísítíìkì nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ parí, ṣùgbọ́n ó kùnà nínú èkejì, èyí tí wọ́n ń pè ní kálíkùlù. Wọ́n fún un láyè kí ó tún un ṣe. Bí kò bá ṣe é, kò sí ọdún tí ó kàn, ẹ̀kọ́ ti tán nìyẹn.

Eustache kì í ṣe ènìyàn burúkú, kí n yáa sọ ọ́ kí ẹ má bàa bínú sí ẹni tí kò yẹ. Ohun kan ni ó ṣi í lọ́nà: ó gbà pé ìṣirò jẹ́ ohun tí èèyàn ń kọ́ tán. Òun kò lọ sílé ẹ̀kọ́ rárá, síbẹ̀ ó lè ka iṣu rẹ̀ láti inú àká dé ọjà Glazoué kí ẹyọ kan má ṣìnà. Àwọn màsẹ̀ẹ̀rì, àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Àgùdà, kọ́ Odette ní ìṣirò nígbà tí eyín iwájú rẹ̀ ń yọ. Ó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n tún ń kọ́ ọ ní ìṣirò. Ó gba ìwé ẹ̀rí, ó lọ sí Àjàṣẹ́, bàbá rẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n ń kọ́ ọ níbẹ̀, ó ní, “Ìṣirò ni, Bàbá.” Láti ọjọ́ náà ni Eustache ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ọmọ òun kò lóye, pé àwọn olùkọ́ kàn ń ṣàánú rẹ̀ ni. Nígbà tí ó gbọ́ pé ó kùnà, kò yà á lẹ́nu. Ó tilẹ̀ dúpẹ́ pé òun ti rí ọkọ fún un kí ọ̀rọ̀ náà tó tàn kálẹ̀.

Dorothée, ẹ̀gbọ́n Eustache obìnrin, ni ó kọ́kọ́ dé láàárọ̀ náà. Kèrè ni ilé ọkọ rẹ̀, láti Kèrè ni ó sì ti ru igbá tuntun wá, igbá funfun tí wọ́n fín ẹyẹ sí lára. Ó gbé e ka orí àpótí láàárín ilé ìdáná kí gbogbo ojú lè rí i.

“Ìyàwó, o kú iṣẹ́. Iṣu náà á kárí wọn?”

“Á kárí wọn, Ìyá.”

“Ọmọ ńkọ́?”

“Ó lọ pọn omi.”

“Ṣé omi ló lọ pọn, àbí ìwé ló jókòó tì níbì kan?”

Perpétue mú ẹ̀gúsí mìíràn, ó bó o. Dorothée jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn án lọ́wọ́, nítorí kì í ṣe ọ̀lẹ.

“Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ,” ni ó wí. “Èmi náà gbé igbá lọ́jọ́ tèmi. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ṣé mo kú ni?”

Perpétue wo ọwọ́ obìnrin náà. Ìka kan níbẹ̀ kò ká mọ́ láti ìgbà tí ọkọ Kèrè ti fi ọmọ odó lù ú, gbogbo ilé ni ó mọ̀, kò sì sí ẹni tí ń sọ ọ́.

“Ẹ ò kú, Ìyá,” ni ó dáhùn.

Nígbà tí Dorothée tún la ẹnu, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀.

“Bí ọmọ yẹn bá dójú ti Eustache lónìí, wọn ò ní bi Eustache. Ìwọ ni wọ́n máa bi. Wọ́n á ní ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Jẹ́ kí ó gbé omi, kí ara tu gbogbo wa.”

Bí ó ti ń sọ ọ́ ni Odette wọlé pẹ̀lú ìkòkò omi lórí. Ó ti gbọ́. Ó sọ ìkòkò, ó kúnlẹ̀ kí ìyá Kèrè, ó sì lọ jókòó sẹ́yìn ilé. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ní àṣà kan tí kò dùn mọ́ bàbá rẹ̀, pé ó máa ń fi ìka kọ nǹkan sórí eruku tí ó bá ń ronú.

Kò pẹ́ tí Àríkẹ́, ìyàwó oníṣọ́ọ̀bù inú ìlú, dé pẹ̀lú iyọ̀ àti àlùbọ́sà nínú agbọ̀n. Ó mọ ọjọ́ tí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń se oúnjẹ púpọ̀, ọjọ́ náà ni ó sì máa ń wá kí wọn. Ó wọn iyọ̀ fún Perpétue, ó fi díẹ̀ lé e, ó wá sọ sí i létí.

“Ìyá Odette, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo gbọ́. Wọ́n ń sọ nínú ìlú pé kì í ṣe ìdánwò ló kùnà. Wọ́n ní oyún ló ní l'Ájàṣẹ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹnu wọn pọ̀, n ò lè dá a mọ̀.”

“Ṣé ẹnu tìẹ náà wà níbẹ̀?”

Àríkẹ́ tún àlùbọ́sà inú agbọ̀n rẹ̀ tò. “Èmi sọ pé n ò rò pé bẹ́ẹ̀ ni,” ni ó wí. Ó gbé agbọ̀n, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún padà. “Bó bá jẹ́ pé èmi ni, n ó jẹ́ kó lọ. Ṣùgbọ́n ọmọ tiyín kọ́ ni ọmọ tèmi.” Ó sì bá tirẹ̀ lọ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àtàtà tí kò ná an ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ oyún yẹn ni ó ta Perpétue dìde. Ó ní kí Dorothée bá òun wo iná, òun fẹ́ já ewé tí wọn yóò fi pọ́n iyán. Ó pe Odette, wọ́n sì jọ gba ọ̀nà àpáta tí ó wà lẹ́yìn ilé gòkè. Ìyá wà níwájú, ọmọ tẹ̀lé e. Nísàlẹ̀, nínú oko, wọ́n ń gbọ́ àwọn ará Lèma tí wọ́n ti dé, ọkọ́ wọn ń dún lórí ilẹ̀.

“Odette,” ni ìyá wí láìwẹ̀yìn, “kí ni wọ́n ń kọ́ yín níbẹ̀ gan-an? Má sọ pé ìṣirò fún mi.”

Odette rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Màmá, ẹ dúró. Ibi tí ẹ fẹsẹ̀ lé yẹn, ṣé ó le bí ibi tí a ti gùn kọjá?”

“Ó rọ̀ níbí díẹ̀.”

“Báwo lẹ ṣe mọ̀?”

“Ẹsẹ̀ mi ló sọ fún mi.”

“Ohun tí ẹsẹ̀ yín sọ yẹn la ń kọ́. Gbogbo ibi téèyàn bá fẹsẹ̀ lé lára òkè ló ní bó ṣe dagun tó níbẹ̀, kì í ṣe níwájú, kì í ṣe lẹ́yìn, níbẹ̀ gan-an. Dẹrivé lorúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ fún mi bí ìlà òkè náà ṣe ń lọ, n ò ní láti gùn ún. Mo lè jókòó sí Àjàṣẹ́ kí n sọ ibi tó ti máa le jù, kí n sì sọ ibi tí orí rẹ̀ wà.”

Perpétue yíjú padà wò ó. “Báwo lo ṣe máa mọ orí òkè tí o kò rí?”

“Lórí gan-an, ẹsẹ̀ ò gùn mọ́, kò sì tíì sọ̀. Ó di òdo. Ibi tó bá ti di òdo ni mo ń wá.” Ó fi ìka fa ìlà kan sára àpáta, ìlà tí ó gòkè tí ó sì tún sọ̀. “Àmọ́ ìsàlẹ̀ kòtò náà máa ń di òdo. Níbẹ̀ náà, ẹsẹ̀ ò gùn, ẹsẹ̀ ò sọ̀. Èèyàn gbọ́dọ̀ wo ọ̀tún wo òsì kó tó sọ èyí tí í ṣe. Ohun tí mo ṣe nínú ìdánwò nìyẹn. Ọkàn mi ò balẹ̀, ilé ni mo ń rò. Mo rí ìsàlẹ̀, mo pè é ní orí, gbogbo ohun tí mo kọ lẹ́yìn rẹ̀ sì wọ́.”

Ìyá náà gùn ún síwájú díẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ wá ilẹ̀ bí ẹni tí kò gba ibẹ̀ rí. Láti kékeré ni ó ti ń pọn omi gba ọ̀nà yìí. Inú rẹ̀ dùn, ó sì bínú lẹ́ẹ̀kan náà, bínú pé ó ti pẹ́ tó báyìí kí òun tó béèrè.

“Èkejì ńkọ́, èyí tí o yege?”

“Sitatísítíìkì? Ìyẹn ni ká kó ohun púpọ̀ jọ ká wò ó, ká lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, kì í ṣe ohun táwọn èèyàn ń sọ. Olùkọ́ ní kí olúkúlùkù mú nǹkan wá láti ìlú rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mú òjò, wọ́n mú àgbàdo. Èmi mú àwọn ọmọbìnrin tí a jọ wọ kíláàsì àkọ́kọ́ lọ́dọ̀ àwọn màsẹ̀ẹ̀rì.”

Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀, sí àwọn òrùlé tí ń tàn yanran nínú oòrùn, àti sí àwọn oko tí ó kọjá wọn.

“Lucienne wà ní Lèma, ọmọ rẹ̀ ti ń rìn kí n tó ṣe ìdánwò kọ́lẹ́ẹ̀jì. Euphrasie wà ní Glazoué, ẹ ti rí i níbi tó ti ń ta iṣu ọkọ rẹ̀. Jeanne kú lórí ìkúnlẹ̀. Ẹ̀yin náà lọ síbi òkú rẹ̀. Mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Olùkọ́ wò ó, ó ní iye náà kéré jù, pé a ò lè fi irú rẹ̀ fìdí nǹkan kan múlẹ̀. Mo ní, ‘Mo mọ̀, Mùsíọ̀, àmọ́ gbogbo wa nìyẹn.’”

Perpétue kọjú sí igi tí ó sún mọ́ ọn. Ó já ewé, ó já a ju bí ó ti yẹ lọ, ó sì dì í mọ́ àyà sọ̀ kalẹ̀.

Eustache ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, erùpẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Àwọn ọmọ Lèma mà ń ṣiṣẹ́, ni ó wí, wọ́n ti sún mọ́ àárín oko. Kí wọ́n gún iyán kíákíá. Lẹ́yìn náà ni ó rí ojú ìyàwó rẹ̀.

“Kí ló dé?”

“Bàbá Odette, ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ wọ ọkọ̀.”

“Kó lọ síbo? Kó lọ kọ́ ìṣirò?”

“Ẹ ò mọ ohun tó ń kọ́.”

“Ìwọ mọ̀ ọ́n?”

“Láàárọ̀ yìí ni mo mọ̀ ọ́n.”

Eustache wo Dorothée bí ẹni tí ń wá ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n Dorothée ń ro ọbẹ̀. Eustache rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn àlejò.

“Perpétue, gbọ́. Ọmọ Lèma yẹn ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ebè fún mi, àti òjò àti oòrùn. Kò bú mi rí. Kò mutí wá sí oko mi rí. Kí ni kí n sọ fún un? Ṣé kí n ní iṣu rẹ dùn, a dúpẹ́, máa lọ?”

“Ẹ̀yin lẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Odette kọ́.”

“Ìwọ ò jẹ níbẹ̀?”

Perpétue tún ìró ìdí rẹ̀ dì. Ó jẹ níbẹ̀. Ó gún un, ó sè é, ó tà á ní Glazoué, ó sì fi ra aṣọ tí ó wà ní ìdí rẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́. Eustache rí i pé òun ti borí, ó sì bọ́ sí oko padà.

Wọ́n gún iyán. Ẹnikẹ́ni kò kọrin sí i. Nígbà tí wọ́n pọ́n ọn tán, tí wọ́n kó o sínú agbọ̀n, Odette bọ́ aṣọ tí ó wọ̀ láàárọ̀, ó ró ìró tí ìyá Kèrè mú wá, ó bu omi sínú igbá funfun náà, ó sì gbé e.

“Sọ̀ ọ́ kalẹ̀,” ni Perpétue wí.

“Màmá, ẹ jẹ́ n gbé e fún un. Omi lásán ni.” Ojú rẹ̀ gbẹ, èyí ni ó ba ìyá rẹ̀ lọ́kàn jẹ́ jù. “Mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ẹ̀yin ni wọ́n máa bi. Àwọn tó kù náà ń jẹun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ó ṣeé gbé.”

Dorothée ti gbọ́ ohun tí ó ń fẹ́ gbọ́, síbẹ̀ kò yọ̀. Ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì gbé agbọ̀n iyán lé orí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tò lọ sí oko, Odette láàárín, omi ń mì nínú igbá.

Àwọn ọkùnrin ti jókòó sábẹ́ igi nígbà tí wọ́n dé. Ebè tuntun lọ títí lẹ́yìn wọn, ó dúdú, ó tò gún. Benoît dìde nígbà tí ó rí igbá. Gìrìpá ọkùnrin ni, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó lọ síbi tí ó fi ẹ̀wù rẹ̀ kọ́, ó gbọ̀n ọ́n, ó wọ̀ ọ́, ó sì de bọ́tìnì rẹ̀ dé ọrùn nínú ooru náà, kí ó tó wá dúró láti gba omi. Perpétue rí bọ́tìnì yẹn. Ó wù ú kí ọkùnrin náà jẹ́ ènìyànkénìyàn, kí ọ̀rọ̀ náà lè rọrùn fún òun.

Odette bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúnkún sílẹ̀. Kí orúnkún tó kanlẹ̀, ìyá rẹ̀ di igbá mú. Fún ìgbà díẹ̀ àwọn méjèèjì jọ dì í mú, omi sì dà sí ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni Odette jọ̀wọ́ rẹ̀.

Perpétue ni ó kúnlẹ̀. Ìyá ìyàwó kì í kúnlẹ̀ fún àna.

“Benoît, ọmọ mi, èmi ni mo jẹ iṣu rẹ. Odette ò sí nílé nígbà tí a ń jẹ ẹ́. Iṣẹ́ rẹ ò ní ṣègbé. Tí òwú rẹ bá là, èmi àti àwọn obìnrin wa á wá sí Lèma, a ó bá ọ ká a. Lọ́dún tó ń bọ̀ a ó tún wá, títí a ó fi ṣe é bí o ti ṣe é fún wa. Ọ̀wẹ̀ ni mo fẹ́ fi san ọ̀wẹ̀. Tí o bá fẹ́ mu omi, ọwọ́ mi ni kí o ti gbà á.”

“Perpétue,” ni Eustache wí. Dorothée ti gbé ọwọ́ lé orí. Láàárín àwọn ẹgbẹ́, ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn ní irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí ní Lèma, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọkọ́ wọn.

Benoît kò gba igbá. Kò sì wo Perpétue. Odette ni ó wò.

“Ìwọ ńkọ́,” ni ó wí, “kí ni ìwọ fẹ́?”

Nínú gbogbo ẹni tí ó ti sọ̀rọ̀ lórí ọmọ yẹn láti ìdúnta, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bi í. Perpétue pàápàá kò ì bi í. Ó mọ̀ ọ́n níbi tí ó kúnlẹ̀ sí, ó sì ká a lára.

“Mo fẹ́ lọ ṣe ìdánwò mi,” ni Odette dáhùn. “Ẹ má bínú.”

Benoît mi orí. Ó tú bọ́tìnì rẹ̀, láti ọrùn sọ̀ kalẹ̀, kò kánjú. Ó fi ẹ̀wù náà kọ́ síbi tí ó ti mú un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pè é pé kí ó jẹ́ kí wọ́n máa lọ. Ó padà sí ìlà tí ó ti bẹ̀rẹ̀, ó kọ ebè inú rẹ̀ tán dé òpin, ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ gbá èyí tí ó kẹ́yìn pọ̀ kí ó lè dúró. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀wù, ó kí Eustache pé ó dàbọ̀, ó sì tẹ̀lé àwọn èèyàn rẹ̀. Kò mu omi náà.

Iyán wà nínú agbọ̀n, ó gbóná síbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án.

Ohun tí Dorothée sọ nígbà tí wọ́n délé kò ṣeé kọ tán. Ó ní Perpétue ti ba ilé bàbá òun jẹ́. Ó ní ta ni yóò tún wá fẹ́ ọmọ nínú agboolé tí ìyá ti ń kúnlẹ̀ fún àna. Ó sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Nígbà tí Odette sì di ẹrù rẹ̀ tán láti máa lọ sí ibùdókọ̀, obìnrin kan náà yìí ni ó bu iyán àwọn òṣìṣẹ́, tí ó pọ́n ọn sínú ewé, tí ó fi ìka tí kò ká yẹn tẹ̀ ẹ́ pọ̀, tí ó sì tì í sínú ẹrù rẹ̀. Kò wo ojú rẹ̀. Eustache kò jáde wá.

Gbogbo ìlú ti gbọ́ kí wọ́n tó dé ibùdókọ̀. Wọ́n kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Àríkẹ́, àwọn tí ń ra nǹkan ń wò wọ́n, Àríkẹ́ sì ń wá ohun kan lábẹ́ tábìlì rẹ̀ títí wọ́n fi kọjá. Perpétue ru ẹrù ọmọ rẹ̀ lórí, ó sì gbé ọrùn dúró. Bí ọkọ̀ ojú irin ti ń sún mọ́ wọn, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í ba Odette.

“Màmá, tí mo bá tún kùnà ńkọ́? Lẹ́yìn gbogbo èyí?”

Perpétue tún gèlè orí ọmọ náà ṣe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò yẹ̀.

“Wo ọ̀tún, wo òsì,” ni ó wí, “kí o tó pe ìsàlẹ̀ ní orí.”

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí Perpétue padà sí oko. Kò gba inú ilé. Ó mú ọ̀kan nínú ọkọ́ Eustache lẹ́yìn ilé ìdáná, ó sì lọ dúró níbi tí ìlà Benoît parí sí. Ilẹ̀ tí ó kù fẹ̀, kò ní ebè kankan. Obìnrin kì í kọ ebè lágbègbè wa, iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ó wọ́ erùpẹ̀ jọ, ó tún wọ́ ọ jọ. Ebè náà ga díẹ̀, lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ya lulẹ̀.

“Kì í ṣe bẹ́ẹ̀.”

Eustache ni. Ó ti ń wò ó láti ẹ̀bá oko, ọkọ́ rẹ̀ ní èjìká. Ojú rẹ̀ kò dùn.

“Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ fẹ̀. Máa fi ẹ̀yìn rìn.”

Ó wọ ìlà tí ó tẹ̀lé ti ìyàwó rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Èyí tí Perpétue kọ wọ́, ṣùgbọ́n ó dúró. Ọkọ̀ ojú irin ti kọjá lọ tipẹ́, síbẹ̀ Eustache ń gbé orí sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé ó ń gbọ́ ọ. Nígbà tí ó yá, ó fi ọwọ́ lé èèkù ọkọ́, ó dúró.

“Kí ni ọmọ yẹn ń kọ́ gan-an?”

Perpétue fi ọkọ́ sílẹ̀. Ó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi lé ìdí ebè kan nínú àwọn tí Benoît kọ, nítorí àwọn ni ó dára jù.

“Ṣé ó dagun níbí?”

“Ó dagun.”

Ó fa ọwọ́ náà gòkè díẹ̀díẹ̀. “Níbí ńkọ́?”

“Ó ń rọ̀.”

Ó fà á dé orí. “Níbí, ọwọ́ yín ò gùn mọ́, kò sì tíì sọ̀. Ibí ni ó ń wá. Ó lè wá a rí láìfọwọ́ kan ebè.”

“Láìfọwọ́ kàn án?”

“Láìrí i pàápàá. Bí ẹ bá sọ bó ṣe tẹ̀ fún un, ó parí.”

Eustache fúnra rẹ̀ wá fa ọwọ́ rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kejì ebè náà, ó ń sọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, títí ó fi dé inú poro, láàárín ebè kan àti èkejì. Ó dúró níbẹ̀. Ó sún ọwọ́ síwájú díẹ̀, ó sún un padà.

“Ibí náà ò gùn,” ni ó wí, “kò sì sọ̀.”

“Ibẹ̀ ló ti ṣìnà nínú ìdánwò. Ó rò pé orí ni.”

Ọwọ́ Eustache pẹ́ nínú poro náà. Ilẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, Perpétue kò sì rí ojú rẹ̀ dáadáa.

“Èèyàn lè ṣìnà níbẹ̀,” ni ó wí nígbẹ̀yìn.

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ dànù, ó mú ọkọ́, ó sì fẹ ìdí ebè mìíràn kí ó tó tún sọ̀rọ̀.

“Òwú ọmọ Lèma yẹn,” ni ó bi í, “ìgbà wo la máa lọ ká a?”